Òrìṣà Lára Bàbà: Iṣẹ́ Ọnà Àfíntẹ̀ láti Nuremberg dé Zaria

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní Nàìjíríà, kò sí bí a ó ti ṣe é tí a kò ní dárúkọ ìlú Zaria. Ní ọdún 1958 ni díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Ọnà, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà, ní ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Zaria, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láàrin ara wọn. Zaria Art Society ni wọ́n pè é. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti Simon Okeke wà lára wọn. Ẹgbẹ́ náà kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi tú ká ní 1961, nígbà tí àwọn aṣáájú rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Orúkọ tí àwọn òǹkọ̀wé fún wọn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni Ọlọ̀tẹ̀ Zaria.

Orúkọ yìí ni ó bí ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Bí a bá pe ènìyàn ní ọlọ̀tẹ̀, ìbéèrè tí ó kàn ni pé kí ni ó ṣọ̀tẹ̀ sí. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọnà ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kọ̀ lódindi, tí wọ́n sì padà sí ti baba ńlá wọn. Ìdáhùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Bí a bá gbé ẹ̀ka kan ṣoṣo yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tí ó jáde láti ọwọ́ wọn, èyí tí í ṣe àwòrán tí a fín tí a sì tẹ̀ sórí tákàdá, a ó rí i pé òrìṣà Gíríìkì ni wọ́n kọ̀. Wọn kò kọ irin tí àwọn òyìnbó fi fín in. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíkọ̀ tí wọ́n kọ òrìṣà náà gan-an ni ó mú wọn sún mọ́ àwọn ọ̀gá àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fín in sára bàbà ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí ọnà àfíntẹ̀ jẹ́

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan yé òǹkàwé kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe fín. Wọ́n ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń fín etí ọpọ́n Ifá. Bí wọ́n bá fín igbá tán, igbá náà gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rà á ti ra gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé. Ọ̀tọ̀ ni ti àwòrán tí à ń wí yìí. Orí bàbà pẹlẹbẹ ni oníṣẹ́ ọnà ti ń fín in, pẹ̀lú irin tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Yóò fi tàdáwà kún ojú ilà tí ó fín, yóò nu òkè bàbà náà títí tí tàdáwà kò fi ní sí níbòmíràn àfi inú ilà, yóò da tákàdá tí a fi omi rin bò ó, yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Tákàdá náà yóò fa tàdáwà inú ilà sókè. Bàbà kan lè bí ọgọ́rùn-ún àwòrán àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Fífín ni, títẹ̀ sì ni: ìdí nìyí tí a fi pè é ní ọnà àfíntẹ̀ níhìn-ín. Irú mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ásíìdì ni ń bá oníṣẹ́ ọnà jẹ ilà náà wọ inú irin. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ibi tí a kò gbẹ́ kúrò lára pákó tàbí lára línólíọ́ọ̀mù ni ń gba tàdáwà. Gbogbo wọn ni ó jọ ní ìwà kan: ohun tí a fín kì í ṣe ohun tí a ó tà, ìyá tí yóò bí i ni.

Ẹ̀san lókè ìlú kékeré

Ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí Albrecht Dürer sí ní 1471. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀. Èyí kò ṣe àjèjì, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ni irú ọnà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ni ó ti ń fín ara ife àti ara èkù idà kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtitẹ ilà wọn sórí tákàdá.

Àwọn onímọ̀ ń pe sáà tí Dürer gbé ayé ní Sáà Ìsọjí, nítorí pé ìmọ̀ àti ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì àti Róòmù ayé àtijọ́ ni ó tún jí dìde nígbà náà. Ẹ̀sìn Kristi ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Kò sí ẹni tí ń bọ Apollo tàbí Venus mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ wọ̀nyí kan náà ni wọ́n tún ń ya àwòrán wọn. Kò sì dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ní Florence ní oṣù Èrèlé 1497, àwọn ọmọlẹ́yìn àlùfáà Savonarola kó àwòrán, ìwé, aṣọ olówó ńlá àti ohun èlò orin jọ sí gbàgede ìlú, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí wọ́n ti kó ère òrìṣà jáde tí wọ́n sì sun ún ní Iléṣà ní 1930, nígbà ìwàásù Ayọ̀ Babalọlá, kò ní bèèrè irú iná tí ó jẹ́. Ìsọjí ni Yorùbá ń pe ti Iléṣà náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun tí ó jí òrìṣà dìde àti fún ohun tí ó sun ún níná, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í lò nínú méjèèjì.

Ìwé àti àwòrán àfíntẹ̀ ni ó gbé àwọn òrìṣà náà láti ìlú dé ìlú. Andrea Mantegna fín ìjà àwọn òrìṣà inú òkun sára bàbà ní Ítálì. Nígbà tí ó di 1494, àwòrán náà ti tẹ Dürer lọ́wọ́, ó sì fi kálámù dà á kọ láti fi kọ́ṣẹ́. Ní nǹkan bí 1501 sí 1502 ni òun náà wá fín Nemesis.

Òrìṣà obìnrin ni Nemesis, tí àwọn Gíríìkì gbà pé ó ń san fún ẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbéra ga kọjá ààyè rẹ̀, òun ni yóò fà á bọ̀ wálẹ̀. Òwe Yorùbá tí ó ní ẹ̀san kò gbóògùn kò jìnnà sí èrò náà. Nínú àwòrán Dürer, obìnrin yìí wà ní ìhòòhò, ó síngbọnlẹ̀, ó ní ìyẹ́ ńláńlá, ó sì dúró lórí ohun róbótó kan ní ojú sánmà. Ife onídèérí wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, èyí ni ẹ̀bùn fún ẹni tí ó tọ́ sí. Ìjánu ẹṣin ni ó fi ọwọ́ kejì dì mú, èyí sì ni ti agbéraga. Ẹni tí ó bá ti dúró nítòsí ààfin Zaria rí ní ọjọ́ Sàlá, tí ó sì rí bí ẹṣin tí ń sáré bọ̀ bí iná ọyẹ́ ti ń dúró gbagidi níwájú Ẹ́míà nígbà tí ẹni tí ó gùn ún bá fa okùn, yóò mọ̀ pé ìjánu kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ẹsẹ̀ òrìṣà náà ni ó yẹ kí a wò jù. Àwọsánmà là sí méjì, a sì rí ìlú kékeré kan ní ìsàlẹ̀ láàrin àwọn òkè, odò, afárá, ilé ìjọsìn, òrùlé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti dá ìlú náà mọ̀. Klausen ni, ní àfonífojì odò Eisack, ní agbègbè òkè Alps, lójú ọ̀nà àwọn tí ń ti Jámánì lọ sí Ítálì. Inú ewì tí Angelo Poliziano, ará Ítálì, fi èdè Latin kọ ni Dürer ti rí àpèjúwe Nemesis. Kò wá gbé e dúró sí Áténì tàbí Róòmù tí òrìṣà náà ti wá. Orí ìlú òkè tí àwọn èrò ọ̀nà Jámánì mọ̀ ni ó gbé e lé, ara tí ó sì fún un kò jọ ti ère mábù kankan tí àwọn Gíríìkì fi sílẹ̀. Nígbà tí ó lọ sí Netherlands ní 1520 sí 1521, Nemesis wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó ń fi tọrẹ, ó ń tà á, ó sì ń kọ orúkọ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Bí òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì ṣe di ohun tí oníṣòwò Antwerp lè ká sínú àpótí nìyẹn.

Ará Sapi àti àwòrán àwọn Potogí

Kì í ṣe Zaria ni irú àwòrán yìí ti kọ́kọ́ ko oníṣẹ́ ọnà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lójú. Láàrin nǹkan bí 1490 sí 1530, nígbà tí Dürer wà láyé, àwọn ará Sapi ní etí òkun tí ó di Sierra Leone lónìí ń fi eyín erin gbẹ́ ìwo ọdẹ, àwo ìkóyọ̀sí àti àpótí kékeré fún àwọn Potogí. Àwọn Potogí kó ìwé àdúrà tí wọ́n tẹ̀ ní Paris wá bá wọn, iṣẹ́ Philippe Pigouchet sì wà lára rẹ̀. Àwọn agbẹ́yín-erin náà wo àwòrán tí a tẹ̀ sí etí ojú ìwé, wọ́n sì gbé ìran ọdẹ àti ìran ìgbésí ayé Jésù bọ́ sára eyín erin lọ́nà tí ó ń ya àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù lẹ́nu títí di ìsinsìnyí. Dürer fúnra rẹ̀ ra àwo ìkóyọ̀sí eyín erin méjì nígbà tí ó wà ní Netherlands. Ó rò pé Calicut ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni.

Iṣẹ́ àwọn ará Sapi kò ní àbùkù. Ọwọ́ wọn dá, ojú wọn mú. Síbẹ̀ ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ ni ó mú àwòrán wá. Oníṣẹ́ kò yan ìtàn tí yóò fín. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti jẹ́ ti ẹnìkan tí ìtàn sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, àṣẹ wà ní ọwọ́ ẹni tí ó ni ìtàn. Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria láti yanjú nìyẹn ní bí irinwó ọdún ó lé lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọkọ̀ ojú omi Potogí kankan ní Samaru.

Birnin Zazzau àti Samaru

Samaru ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà, lẹ́yìn odi ìlú. Birnin Zazzau ni ìlú olódi fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Hausa méje tí ìtàn Bayajidda so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìlú tí ó ní ìtàn ìwáṣẹ̀ tirẹ̀ ni. Amina, obìnrin jagunjagun, ni orúkọ rẹ̀ gba ẹnu jù níbẹ̀. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò gbé e sí àkókò Sarki Dauda ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn òpìtàn mìíràn sì gbé e sí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Èyí ó wù kí ó jẹ́, bí àwọn ará Hausa bá rí odi àtijọ́ tí wọn kò mọ ẹni tí ó mọ ọ́n, odi Amina ni wọ́n máa ń pè é. Ní 1808 ni àwọn ọmọ ogun Shehu Usman ɗan Fodiyo, tí Malam Musa ṣáájú wọn, gba ìlú náà, tí ọba Hausa tí ó wà lórí oyè sì sá lọ sí ìhà gúúsù.

Ọnà kò parẹ́ ní Birnin lẹ́yìn èyí, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn ni. Ní àkókò Ẹ́míà Abdulkarim, tí ó jọba láti 1834 sí 1846, ni ọ̀mọ̀lé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Babban Gwani kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ìlú náà. Amọ̀ àti igi ni ó lò, ó sì tẹ àwọn òpó inú rẹ̀ pàdé lókè bí ọrun tí a fà. Ó fín ara ògiri inú rẹ̀ pẹ̀lú ilà tí ó lọ́ mọ́ ara wọn. Apá kan mọ́ṣáláṣí náà wó ní oṣù Ògún 2023 nígbà tí àwọn ènìyàn ń kírun lọ́wọ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Irú ilà bẹ́ẹ̀ wà níwájú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà pẹ̀lú, ìwo amọ̀ sì yọ ní igun òrùlé wọn. A kì í rí ènìyàn tàbí ẹranko nínú rẹ̀ bí kò ṣe ṣàṣà, nítorí ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Amina, nínú gbogbo ọlá rẹ̀, kò ní ère ní ìlú rẹ̀ nígbà náà. Èkó ni Ben Ekanem ti wá gbẹ́ ère rẹ̀ lórí ẹṣin ní àwọn ọdún 1970, fún Gbọ̀ngàn Tíátà tí ó wà ní Ìgánmú.

Nítorí náà ìlú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá ara wọn nítòsí rẹ̀ jẹ́ ìlú tí ọnà pọ̀ sí ṣùgbọ́n tí àwòrán òrìṣà kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti gúúsù. Bí wọ́n bá wọ Birnin, ilà ni wọ́n rí, kì í ṣe ojú. Ó dára kí a rántí èyí, nítorí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Zaria fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní àwọn òrìṣà. Zaria kò ní wọn láti fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó fún wọn ni ọ̀nà jíjìn sí ilé, pé ọmọ Igbo, ọmọ Urhobo àti ọmọ Yorùbá jókòó pọ̀ ní ibi tí kò sí ẹni tí ó ń sọ èdè ẹnìkejì, tí kálukú sì ní láti sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ kí ó lè yé àwọn yòókù.

Ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì

Àwọn olùkọ́ òyìnbó ni ó pọ̀ jù ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ọnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ìtàn ọnà Yúróòpù ni ìtàn ọnà. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ère Ifẹ̀ kò dára, wọn kò kàn kà á mọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1958 kò dá iṣẹ́ kíláàsì dúró. Wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì ń pàdé níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kálukú a lọ bèèrè àlọ́, ìtàn àti àṣà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, a sì wá sọ ọ́ nínú ìpàdé. Ní 1960, ọdún òmìnira, Uche Okeke ka àpilẹ̀kọ tí ó pè ní Natural Synthesis fún wọn, èyí tí a lè túmọ̀ sí àdàpọ̀ tí kò ní ipá nínú. Ohun tí ó sọ nínú rẹ̀ kò le láti lóye. Ó ní kí oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà má ṣe fọwọ́ rọ́ ogún àtijọ́ sẹ́yìn, kí ó má sì ṣe da ti òyìnbó nù. Kí ó mú èyí tí ó wúlò nínú méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n di ohun kan ní ọwọ́ rẹ̀.

Ọlọ̀tẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ Okeke dáadáa yóò rí i pé yíyàn ni ó ń béèrè fún. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí yóò yàn. Okeke fúnra rẹ̀ yan ìtàn àti ọnà uli àwọn Igbo. Grillo, ọmọ Èkó, yan àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú gèlè wọn, ó sì kùn wọ́n ní àwọ̀ búlúù tí ó ń rán ènìyàn létí aró. Jimo Akolo, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ nínú àwọn Yorùbá Okun, kò sí nínú ẹgbẹ́ náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ; àwọn ẹlẹ́ṣin Àríwá ni ó kún inú àwòrán tirẹ̀. Onobrakpeya ni ó yan irin.

Irin, ásíìdì àti irúnmọlẹ̀

Agbarha-Otor ní ilẹ̀ Urhobo ni wọ́n bí Bruce Onobrakpeya sí ní 1932, ìlú Benin ni ó sì dàgbà sí. Agbẹ́gilére ni bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá Dürer ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria ní 1957. Láti 1963 títí di 1980 ni ó ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College ní Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kíláàsì Zaria ni ó ti mọ ọnà àfíntẹ̀ tán. Ilẹ̀ Yorùbá ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ulli Beier pe Ru van Rossem, ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà àfíntẹ̀ láti Netherlands, wá sí Ìbàdàn àti Òṣogbo láti kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́. Ilẹ̀ tí Dürer kó Nemesis lọ tà ni ọkùnrin yìí ti wá. Onobrakpeya wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Twins Seven-Seven náà kọ́ bí a ti ń fi ásíìdì jẹ irin lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ya àwọn iwin àti ẹbọra tí kò sí ẹni tí ó ti rí irú wọn rí.

Ní 1967 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Onobrakpeya kò gbàgbé. Ásíìdì tí ó lò fún irin rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó yẹ, ó jẹ irin náà kọjá bí ó ti fẹ́, ó sì bà á jẹ́. Dípò kí ó jù ú nù, ó wá ọ̀nà àtitún un ṣe. Inú àtúnṣe yìí ni ó ti rí ọ̀nà tí ó sọ ní plastograph: fífín ilà tí ó jìn sára ohun bí àtè líle tí ó ti gan, kí a sì tẹ tákàdá wọ inú rẹ̀. Àwòrán tí ó bá jáde a máa ga sókè lára tákàdá tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú lè fi ìka mọ ibi tí ilà gbà. Ó jọ igbá fífín ju bí ó ti jọ ìwé lọ. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan ní Yúróòpù tí ó kọ́ ọ ní èyí. Irin ni ti òyìnbó, ẹ̀rọ ni ti òyìnbó, àṣìṣe náà ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó kan àwọn olùkọ́ èdè jù ni èyí tí ó jáde ní 1968. Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Nelson gbé ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, Onobrakpeya ni ó sì ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ó ti yàwòrán fún ìwé Achebe àti ti Ekwensi ṣáájú, ṣùgbọ́n igbó Fágúnwà yàtọ̀. Àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Òǹkàwé Yorùbá ti 1938 fi etí inú gbọ́ wọn ni. Kálukú ní Agbákò tirẹ̀ lọ́kàn. Ẹni tí yóò wá ya irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé ní láti dá ojú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Nuremberg àti ọ̀rọ̀ Zaria ti pàdé. Dürer, ará Jámánì, gba òrìṣà Gíríìkì láti inú ewì Latin tí ará Ítálì kọ, ó sì gbé e lé orí ìlú tí òun mọ̀. Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Hausa, gba irúnmọlẹ̀ Yorùbá láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Ẹ̀gbá túmọ̀, ó sì fún wọn ní ara láti inú ọnà Benin àti ti ilé bàbá rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tí ó ń bọ ohun tí ó ń yà. Nínú méjèèjì, òrìṣà ti kọjá èdè méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dé ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà, ó sì di ará ilé níbi tí ó sọ̀ sí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ Zaria kan jókòó ní Samaru tí ó sì da Nemesis kọ láìyẹsẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀ àti ìlú Klausen lábẹ́ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ìbá dára, ṣùgbọ́n ohun tí Dürer ṣe gan-an ni kò ní ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé ìfiwéra yìí ti ń fi ọlá fún òyìnbó jù, pé kí ló dé tí a fi ní láti fi Dürer wọn ọmọ Áfíríkà. Àríwísí náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni ewu tí ó tóbi jù: pé kí a máa rò pé ìtàn ìwáṣẹ̀ tiwa nìkan ni ó ní láti dúró bí ó ti wà, láìyí padà, kí ó lè jẹ́ ojúlówó. Òrìṣà Gíríìkì ti yí ojú padà ní gbogbo ìlú tí àwòrán gbé e dé, kò sì sí ẹni tí ó ní kò jẹ́ ti Gíríìkì mọ́. Ìgbàgbọ́ pẹ̀lú kò dí ọ̀nà náà. Ní 1969 ni Onobrakpeya fi línólíọ́ọ̀mù gbẹ́ àwòrán mẹ́rìnlá ìrìn Jésù sí àgbélébùú, tí ó wọ Jésù àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní ọnà tí ènìyàn lè rí lára àdìrẹ. Ọmọ ìjọ ni ó ṣe é, ọwọ́ kan náà tí ó ya Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú ni.

Venice

Dürer padà sí Ítálì ní 1505, Venice ni ó sì gbé títí di 1507. Ìlú tí ìwé títẹ̀ àti ọnà àfíntẹ̀ ti gbilẹ̀ jù ní Ítálì nígbà náà ni. Ní 1990, níbi ìpàtẹ ọnà gbogbo àgbáyé tí wọ́n máa ń ṣe ní Venice, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà díẹ̀. El Anatsui wá láti Nsukka, Tapfuma Gutsa àti àwọn agbẹ́kùúta mìíràn wá láti Zimbabwe. Onobrakpeya wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún náà, ó ti tẹ ọ̀wọ́ àwòrán nípa igbó àti ojúbọ àwọn baba ńlá rẹ̀, ó sì ti tẹ òmíràn tí ó pè ní Sahelian Masquerades, nínú èyí tí ilẹ̀ gbígbẹ àti ìyanrìn Àríwá tún ti yọjú, ní bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí ó ti fi Samaru sílẹ̀.

Láti 1998 ni ó ti ń pe àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Agbarha-Otor ní ìgbà ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a wá láti ilé ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi, ABU Zaria náà sì wà lára wọn, ilé ẹ̀kọ́ tí ó rọ́pò kọ́lẹ́ẹ̀jì àtijọ́ náà ní 1962. Ọnà àfíntẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí a ti ń di irin mú, bí a ti ń fi tàdáwà kún ojú ilà, bí a ti ń nu òkè rẹ̀ mọ́ kí a tó da tákàdá bò ó. Ìtàn tí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò fín sára rẹ̀ ni a kì í yàn fún un.